Ajá Tí Mo Ní Kò Gbọdọ̀ Jẹ Nínú Ìkòkò Wa

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo ti ka ìtàn ọ̀pọ̀ èèyàn nínú ìwé ìròyìn yìí, mo sì ti mi orí sí wọn, tí mo ń bi ara mi pé kí ló ń ṣe àwọn àgbàlagbà tó ń fọwọ́ ara wọn ba ara wọn jẹ́. Ó wá kàn mí láti sọ tèmi.

Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni mí. Mo parí ìwé girama nígbà tí àwọn ọmọbìnrin tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìgàndò kò tó ìka ọwọ́ kan. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí, mi ò pe ẹnikẹ́ni kó bá mi kọ ọ́.

Ilé bàbá mi ni mò ń gbé láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú. Gbóyèga, ọmọ àbúrò mi ọkùnrin tó ti dolóògbé, ló ń gbé iwájú ilé pẹ̀lú Tinúọlá ìyàwó rẹ̀ àti Fẹ́kọ́mi, ọmọbìnrin wọn, ọmọ ọdún méje. Èmi wà ní yàrá ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná.

Ìrántí ni wọ́n fi mọ̀ mí nínú ẹbí wa. Bí ọmọkùnrin bá fẹ́ mú ìyàwó wálé, èmi ni wọ́n ń bi bóyá ẹ̀jẹ̀ wọn kò pàdé níbì kan. Bí wọ́n bá ń jiyàn lórí ìyàwó tó bí ẹni báyìí, èmi ni wọ́n ń pè. Mo mọ ibi tí wọ́n sin àwọn kan sí tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́, torí ṣọ́ọ̀bù ti wà lórí rẹ̀. Kò sí ẹni tó bi mí rí pé, "Ṣé òótọ́ ni?"

Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ ohun tí mo bàjẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn olè fo ọgbà wa lẹ́ẹ̀mejì. Gbóyèga bá mú ajá kan bọ̀ láti Dópẹ̀mú, níbi tó ti ń ṣe iṣẹ́ ilẹ̀kùn onírin. Ajá pupa ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ni, Sájẹ́ntì ni wọ́n ń pè é. Kò sọ fún mi. Ṣe ni mo jáde láàárọ̀ láti bọ́jú, mo bá ajá lẹ́bàá táǹkì omi, ó ń wò mí bíi pé èmi ni àlejò.

"Màmá, ẹ káàárọ̀ o," Gbóyèga ní. "Ọlọ́dẹ wa tuntun rèé."

Mo dáhùn, mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó dùn mí gan-an. Nílé bàbá mi, wọn kì í mú ewúrẹ́ wọlé láìsọ fún mi.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, dókítà ẹran kan tó ń jẹ́ Henry wá wo ajá náà. Ajá ti rù, èèyàn lè ka egungun ìhà rẹ̀. Henry fún un ní oògùn aràn. Ó ní bísíkíìtì ajá tí wọ́n ń rà ní àpò nìkan kò tó, kí wọ́n máa fi oúnjẹ ilé díẹ̀ kún un: ẹ̀dọ̀, ẹsẹ̀ adìẹ tí wọ́n bá ti yọ egungun rẹ̀, ọ̀dùnkún, kárọ́ọ̀tì. Iná kékeré ni kí wọ́n fi sè é, kó pẹ́ lórí iná títí yóò fi rọ̀. Kò gbọdọ̀ ní iyọ̀, kò gbọdọ̀ ní àlùbọ́sà. Ó tún ní òun ní láti padà wá gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń dènà dìgbòlugi, àìsàn tó ń mú ajá ya wèrè. Gbóyèga ní òun máa pè é. Kò pè é.

Ilé ìdáná kan ṣoṣo ló wà nílé wa. Ìdí nìyẹn tí Tinúọlá fi kúnlẹ̀ níwájú mi lọ́jọ́ Àìkú tí ẹbí ń ṣèpàdé. Ó ní, "Màmá, mo fẹ́ bèèrè ni. Ṣé kò sí èèwọ̀ nínú ká máa se oúnjẹ ajá nínú ìkòkò ilé?"

Kò sí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Kò sí èèwọ̀ kankan. Bàbá mi gan-an ní ajá méjì, ìsàlẹ̀ ìkòkò wa ni wọ́n sì ń jẹ.

Ṣùgbọ́n gbogbo ojú ló yí sí mi, mo sì rántí àárọ̀ ọjọ́ yẹn lẹ́bàá táǹkì. Mo ní, "Ẹ ò bi mí kí ẹ tó mú un wálé. Ó wà."

Mo wá bẹ̀rẹ̀. Mo ní nígbà ogun, bàbá ńlá wa kó àwọn obìnrin àti ọmọdé pamọ́ sínú igbó tó di àdúgbò wa lónìí. Mo ní ajá ilé gbó, ọ̀tá gbọ́, wọ́n sì kó èèyàn mẹ́sàn-án lẹ́rú. Mo dárúkọ ọ̀kan nínú wọn, mo pè é ní Ẹfúnyẹmí, mo ní oyún oṣù méje ló wà nínú rẹ̀. Mo ní bàbá ńlá wa wá búra pé ajá kò gbọdọ̀ jẹ nínú ìkòkò ilé yìí mọ́.

Obìnrin kan nu ojú rẹ̀. Gbóyèga bèèrè pé títí di ìgbà wo.

Mo ní, "Títí láé."

Gbóyèga máa ń fi fóònù gba ohùn mi sílẹ̀ nínú ìpàdé, kó lè fi ránṣẹ́ sórí Wọ́ọ̀sáàpù fún àwọn ará ilé tí kò wá. Ó gba ti ọjọ́ yẹn náà. Ó ní àwọn tó wà lókè òkun máa gbádùn ẹ̀.

Bó ṣe rọrùn tó nìyẹn. Mo sì sùn dáadáa. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo sùn dáadáa.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Tí gbogbo wọn bá ti jáde láàárọ̀, Gbóyèga sí Dópẹ̀mú, Tinúọlá sí ilé-ìwé tó ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Ìpájà, Fẹ́kọ́mi sí ilé-ìwé tirẹ̀, èmi àti ajá ló máa ń ṣẹ́ kù. Wọ́n ti ní kí n má dáná mọ́. "Ẹ sinmi, Màmá," ni Tinúọlá máa ń sọ. Oúnjẹ á ti wà nínú kúlà kó tó jáde. Mo sè fún ọkọ, mo sè fún ọmọ mẹ́rin, mo sè fún àwọn bíríkìlà tó kọ́ ilé yìí, wọ́n wá ní kí n sinmi. Ọwọ́ mi kò mọ ohun tí yóò ṣe.

Ajá náà á wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi. Mo lé e lọ́jọ́ kìíní. Mo lé e lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta ó gbé orí lé ẹsẹ̀ mi, mo sì rí bí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe yọ. Mo bi í pé, "Ìwọ náà, ta ló ní kí o wá síbí?" Ó mí kanlẹ̀ bí àgbàlagbà.

Ní ọjọ́ kẹrin mo lọ ra ẹ̀dọ̀ lọ́dọ̀ alápatà.

Ẹ ò lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Mo gbé àdògán sẹ́yìn ilé ìdáná, mo fẹ́ iná èédú títí ó fi pọ́n, mo wá bu eérú bò ó kó má baà le jù. Ẹsẹ̀ adìẹ ló kọ́kọ́ wọ inú ìkòkò pẹ̀lú omi, torí òun ló ń pẹ́ jinná. Nígbà tó bá fi máa di nǹkan bí agogo mẹ́wàá, omi rẹ̀ á ti máa ki. Mo yọ egungun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo da ọ̀dùnkún sí i, kárọ́ọ̀tì, ẹ̀dọ̀ tẹ̀ lé e. Ọwọ́ mi á fẹ́ lọ sídìí iyọ̀ fúnra rẹ̀, màá fà á padà. Tó bá di ọ̀sán, ṣíbí á dúró nínú rẹ̀ láìṣubú.

Ìkòkò ilé ni mo fi ń sè é. Èyí tí Tinúọlá fi ń se ìrẹsì wa.

Mo ní díẹ̀ ni màá máa fún un, bí dókítà ti wí, kó fi kún bísíkíìtì. Kò pẹ́ tí díẹ̀ di àwo kíkún. Ara ajá bẹ̀rẹ̀ sí í dán. Alápatà ń bi mí pé àlejò wo ni mo gbà tó ń jẹ ẹ̀dọ̀ lójoojúmọ́. Mo ní wọ́n sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ mi kò tó. Tí mo bá sè é tán, màá fọ ìkòkò, màá dá a padà síbi tí Tinúọlá gbé e sí, etí rẹ̀ á kọjú síbi tó kọjú sí tẹ́lẹ̀. Mo ti di olè nínú ilé bàbá mi.

Wàhálà àkọ́kọ́ ni pé ajá kò jẹ bísíkíìtì mọ́. Tí Gbóyèga bá dà á sí àwo lálẹ́, á gbóòórùn rẹ̀, á yí ẹ̀yìn padà. Omi náà, ó ti mu tó nínú ọbẹ̀ lọ́sàn-án, kì í fẹnu kàn án lójú wọn. Tinúọlá ní òun kò mọ irú ajá tí kì í jẹun tí ara rẹ̀ ń dán.

"Bóyá atẹ́gùn Ìgàndò ló ń jẹ," Gbóyèga ní. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, wọ́n tètè tú àwọn ọmọ sílẹ̀ nílé-ìwé Fẹ́kọ́mi nítorí ìpàdé àwọn olùkọ́. Mi ò mọ̀. Mo ti gbé àwo ajá kalẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná, mo wọlé lọ dáhùn fóònù. Igbe ọmọ ni mo gbọ́.

Ó ti gba ẹ̀yìn wọlé, ó rí ajá tó ń jẹun, ó sì na ọwọ́ sí àwo láti wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ajá bù ú jẹ ní ọrùn ọwọ́. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde.

Mo fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ rẹ̀, mo fọ̀ ọ́ pẹ́. Ohun rere kan ṣoṣo tí mo ṣe lọ́jọ́ náà nìyẹn. Lẹ́yìn náà, kí n tó pe ìyá rẹ̀, mo pa iná, mo da ọbẹ̀ tó kù sínú kòtò, mo fọ àwo. Ọmọ jókòó sórí àpótí, ó ń sunkún, ó sì ń wò mí bí mo ti ń ṣe é.

Nígbà tí wọ́n ti ilé ìwòsàn dé, wọ́n ti gún un ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, ó ku mẹ́ta. Ìyá rẹ̀ ní kó sọ bó ṣe jẹ́.

"Ó ń jẹun ni, Mọ́mì. Mo fọwọ́ kan àwo ẹ̀."

"Àwo wo? Bísíkíìtì ẹ̀ ṣì wà níwájú ilé níbẹ̀ yẹn."

"Àwo Màmá Àgbà. Ẹran wà nínú ẹ̀."

Wọ́n wò mí. Ẹ̀yin òǹkàwé, ibí yìí ni mo ti lè gba ara mi là. Gbólóhùn kan péré. Ṣùgbọ́n mo rí gbogbo ìpàdé ọjọ́ Àìkú yẹn níwájú mi, obìnrin tó nu ojú rẹ̀ nítorí Ẹfúnyẹmí tí kò gbé ayé rí.

"Kò sí àwo kankan níbẹ̀," mo ní. "Ẹ̀rù ló ba ọmọ. Tí ẹ̀rù bá ba ọmọdé, wọ́n máa ń rí nǹkan."

Tinúọlá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Fẹ́kọ́mi, ìgbà wo lo kọ́ bí wọ́n ṣe ń purọ́ mọ́ àgbàlagbà?" Ó ní kó kúnlẹ̀ bẹ̀ mí. Ọmọ kúnlẹ̀ pẹ̀lú báńdéèjì lọ́wọ́. Ó bẹ̀ mí. Mo ní ó ti tán.

Henry wá lọ́jọ́ kejì. Inú bí i pé wọn kò pe òun fún abẹ́rẹ́ ajá. Ó ní kí wọ́n so ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá kí wọ́n máa wò ó. Tó bá ń jẹun, tó ń mumi, tí ara rẹ̀ le títí ọjọ́ yóò fi pé, a jẹ́ pé kò ní dìgbòlugi. Gbóyèga so ó mọ́ inú gáréèjì àtijọ́, ó tì í, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Tinúọlá tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ó dúró ti ọmọ rẹ̀ nílé.

Ẹ ti rí ibi tó bá mi dé. Mi ò lè dáná mọ́ kí wọ́n má rí mi. Ajá kò sì ní jẹ bísíkíìtì.

Ọjọ́ kìíní, kò jẹun. Ọjọ́ kejì, kò jẹun, ó sì fi okùn ọrùn rẹ̀ da abọ́ omi nù. Gbóyèga ní ó ń sá fún omi. Láti àárọ̀ ló ti ń ké. Tí mo bá ń kọjá, ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ mi, igbe rẹ̀ á wá le sí i. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀gbẹ́ kejì ilé kọjá.

Lójú wọn, gbogbo àmì ti pé: ajá tí kò jẹun, tó ń sá fún omi, tó bu ọmọ ilé jẹ. Ọwọ́ Tinúọlá kò kúrò níwájú orí ọmọ rẹ̀, ó ń wò bóyá ó gbóná. Mo gbọ́ ọ tó ń fi omijé gbàdúrà ní pálọ̀ pé kí Ọlọ́run má gba ọmọ kan ṣoṣo tó fún òun. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé kò sí ohun tó ń ṣe ajá. Mo jókòó sí yàrá mi, mo ń sọ fún ara mi pé ajá ṣá ni, wọ́n á ra òmíràn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Gbóyèga ní òun kò lè dúró de ọjọ́ mẹ́wàá. Ó ti pe Àmúsà, ọkùnrin tó ń bá àwọn ará àdúgbò pa ajá tó bá ya wèrè. Àárọ̀ Sátidé ló máa dé.

Ó dé lóòótọ́, pẹ̀lú kùmọ̀ àti àpò. Mo jáde sí wọn. Mo ti ro ọ̀nà kan tí màá fi gba ajá là tí ojú kò fi ní tì mí.

"Gbóyèga, dúró ná," mo ní. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí nǹkan kan. Èèwọ̀ yẹn, ìran kẹrin ló mọ. Ìran karùn-ún ni ẹ̀yin. Ẹ se ẹ̀dọ̀ fún ajá náà, kó jẹ ẹ́ ká wò ó."

Gbóyèga wò mí. "Màmá, títí láé lẹ ní."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

Kò bá mi jiyàn. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó wá nǹkan lórí ẹ̀ títí, ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn mi jáde láàárín ọgbà: Ẹfúnyẹmí, oyún oṣù méje, èèyàn mẹ́sàn-án. Mi ò tẹ́tí sí ara mi rí báyìí. Ó dùn ún gbọ́. Kò sí ibi tí ohùn náà ti kọsẹ̀. Ó wá kan ibi tí Gbóyèga ti bèèrè, àti ibi tí mo ti dáhùn.

Àmúsà gbé kùmọ̀ rẹ̀ sọ́wọ́ kejì. "Ṣé kí n máa lọ ni àbí kí n dúró? Iṣẹ́ mìíràn ń dúró dè mí ní ibùdókọ̀ Pleasure o."

Fẹ́kọ́mi ló sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹran Màmá Àgbà ló máa ń jẹ."

Ìyá rẹ̀ yíjú sí i, ó ti gbé ọwọ́ sókè láti gbá a létí.

Ọwọ́ yẹn ni mi ò lè wò. "Tinúọlá, má fọwọ́ kàn án," mo ní. "Ọmọ yẹn ò purọ́. Èmi ni mo ń purọ́ láti ọjọ́ yìí."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró. Mo ní kò sí ogun, kò sí ìbúra, àwọn ajá bàbá mi jẹ nínú ìkòkò wa. Mo ní ojoojúmọ́ ni mò ń sè fún Sájẹ́ntì, mo sì sọ ìkòkò tí mo fi ń sè é. Tinúọlá fi ọwọ́ bo ẹnu. Kò wo ojú mi. Ó wọ ilé ìdáná lọ, ó mú ẹ̀dọ̀ tó wà nínú fíríjì, ó gbé e ka gáàsì. Mo ní iná kékeré ni. Ó dín iná kù.

Ó pẹ́ kó tó jinná. Àmúsà kò lọ, ó ní òun fẹ́ rí òpin ẹ̀. Nígbà tí Gbóyèga ṣí gáréèjì, tó sì fi igi ti àwo sí i láti òkèèrè, ajá jẹ ẹ́ tán, ó lá àwo, ó sì mu omi abọ́ kan tán.

"Ẹ̀dọ̀ lójoojúmọ́," Àmúsà ní. "Èmi tí mo ní ìyàwó méjì, wọn ò sè é fún mi bẹ́ẹ̀ rí. Màmá, tẹ́ ẹ bá tún ń wá ajá, ẹ pè mí jàre. Mo lè gbó."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ó ká àpò rẹ̀, ó lọ.

Gbóyèga kò pariwo mọ́ mi. Ìbá sàn kó pariwo. Ó kàn gbé fóònù síwájú mi, ó ní kí n sọ fún ẹbí bí mo ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo bẹ̀rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kíní, mo ní àṣìṣe kan wáyé. Ó pa á rẹ́.

"Kì í ṣe àṣìṣe, Màmá," ó ní.

Lẹ́ẹ̀kẹrin ni mo tó sọ pé irọ́ ni mo pa.

Kò tó wákàtí kan tí Qasim fi pè mí láti Ìpájà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni. Òun náà ní ajá kan fún ọdún mẹ́fà tó ń jẹ nínú ìkòkò ilé rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ohùn mi àkọ́kọ́, ó fa ajá náà fún ẹnì kan tó ń ṣọ́ ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Ẹni náà ti kúrò níbẹ̀, kò sì mọ ibi tó gbé ajá lọ. Mo bẹ̀ ẹ́.

Ó wá ní, "Màmá, ohun tẹ́ ẹ sọ fún mi nípa bàbá mi ńkọ́? Pé wọ́n pe orúkọ mi kí wọ́n tó kú?"

Òótọ́ ni. Mo wà níbẹ̀, mo di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi mú, ó pe Qasim lẹ́ẹ̀mejì. Mo sọ ọ́ fún un bó ṣe rí gan-an. Mo búra. Ó ní, "Ó da, Màmá," ó sì pa fóònù. Mi ò lè sọ fún yín pé ó gbà mí gbọ́.

Ọjọ́ mẹ́wàá pé, ara Sájẹ́ntì le koko. Henry gún un ní abẹ́rẹ́ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta ni Fẹ́kọ́mi ti gbà kí wọ́n tó ní kó dáwọ́ dúró. Eyín ajá ló fà á. Àwo tí mo ń gbé pamọ́ ló sì fa eyín ajá. Tinúọlá ló ń se oúnjẹ ajá báyìí, ìwọ̀nba tí yóò fi kún bísíkíìtì. Ó ṣì ń kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀. Kì í bi mí ní nǹkan kan mọ́.

Mo bẹ ọmọ náà. Mo jókòó sórí àpótí kí ojú wa lè ṣe déédéé, mo ní òótọ́ ló sọ, èmi ni mo sọ ọ́ di òpùrọ́. Ó ronú sí i díẹ̀, ó ní, "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ o," bí ìyá rẹ̀ ti máa ń sọ fún un.

Ẹ̀yin àgbàlagbà ẹgbẹ́ mi, tí wọ́n bá bi yín ní ohun àtijọ́ tí inú sì ń bí yín, ẹ ní ẹ ó dáhùn lọ́la. Ẹ jẹ́ kí inú yín kọ́kọ́ rọ̀. Ohun tí ẹ bá sọ lọ́jọ́ yẹn, ẹlòmíì máa fi gbé ayé rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fún Fẹ́kọ́mi ní iṣẹ́ ilé-ìwé kó kọ orúkọ àwọn baba ńlá àti ìyá ńlá rẹ̀. Ó gbé ìwé wá bá mi ní pálọ̀, ó ní kí ni orúkọ ìyá tó bí bàbá bàbá bàbá òun. Inú mi dùn. Mo sọ orúkọ rẹ̀ fún un, mo sọ ìlú tó ti wá, àti bó ṣe máa ń tọ́jú epo pupa títí dìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kó tó tà á. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Ọmọ náà gbé pẹ́ńsù sókè. Kò kọ ọ́. Ó kọ́kọ́ wo ojú bàbá rẹ̀.

Gbóyèga wo ilẹ̀. Orúkọ náà, kò sí ẹlòmíì tó mọ̀ ọ́n láyé yìí àfi èmi.